Ta ló máa wà níbẹ̀ ní aago méjì òru?

Ìyàwó àbúrò mi ti lóyún ọmọ kejì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí rẹ̀, ó sì fẹ́ bí èyí fúnra rẹ̀. Ó pè mí láti Ìsẹ́yìn, ó ní, "Àǹtí mi, ibo ni ẹ rò pé kí n lọ?" A sọ̀rọ̀ títí owó orí fóònù rẹ̀ fi tán, mi ò sì tíì sọ ìdajì ohun tó wà nínú mi. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ nìyí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bèèrè. Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà, àwọn oníbàárà máa ń dúró kí èrò dín kù kí wọ́n tó sún mọ́ mi: "Ìyá Ìgè, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ti là yín rí, tẹ́ ẹ sì tún bí lójú ara?"

Òótọ́ ni. Ní 2018, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí mi ọkùnrin, nítorí pé ìdí ló fi sísàlẹ̀, kò sì yí padà títí oṣù fi pé. Ní ìparí 2021, mo bí àbúrò rẹ̀ obìnrin lójú ara. Màmá, ìyá ọkọ mi, ló sọ àkọ́bí náà ní Ìgè. Ó ní ọmọ tí kò bá ti fi orí wá sáyé, Ìgè ni, ìbáà jẹ́ ọ̀bẹ ló mú un jáde.

Nígbà tí mo ń wá ibi tí màá bí èkejì sí, ohun tí gbogbo èèyàn ń bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n máa jẹ́ kó o bí fúnra rẹ níbẹ̀?" Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ pé tí ojú àpá inú mi bá já ní aago méjì òru, ta ló máa wà níbẹ̀, kí ló wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò sì gbà kí ọmọ mi tó jáde. Ibi tó bá lè dáhùn ìyẹn ni obìnrin tí wọ́n ti là rí ti lè fọkàn balẹ̀ gbìyànjú. Ibi tí kò bá lè dáhùn rẹ̀, ì báà ṣèlérí títí ilẹ̀ á fi ṣú, mi ò ní gbé ikùn mi lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ìwé ni mo kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ wa rò pé àpá tó wà lábẹ́ ìdodo wa ló máa sọ fún dókítà irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè gé awọ ara ní ìbú, kí wọ́n sì gé ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ní òòró. Ti inú ló jà jù. Èyí tí wọ́n sábà ń ṣe lóde òní ni pé wọ́n á gé ilé ọmọ ní ìbú, nísàlẹ̀, níbi tó ti fẹ́lẹ́, tí kì í sì í fún pọ̀ bíi ti òkè nígbà ìrọbí. Obìnrin tó ní àpá irú èyí, ẹyọ kan ṣoṣo, tí ìrọbí sì mú un fúnra rẹ̀: nínú 200 irú wọn, bí ẹnì kan ni ojú àpá rẹ̀ máa ń já. Tó bá jẹ́ òkè ni wọ́n gé, ní òòró, ewu náà ga ju ìyẹn lọ dáadáa, ó lè tó 4 sí 9 nínú 100. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ìrọbí. Wọ́n á dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un ṣáájú. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun, kò tíì lè yan ibì kankan.

Ilé ìwòsàn aládàáni tí wọ́n ti ṣe tèmi kò fún mi ní ìwé kankan nígbà tí mo ń lọ sílé, àfi rìsíìtì owó àti ọjọ́ tí màá padà wá fi ojú ọgbẹ́ hàn wọ́n. Nígbà tí mo mọ̀ pé mo ti lóyún, mo padà lọ bá wọn. Akọ̀wé ní wọn ò rí káàdì mi mọ́, pé dókítà tó ṣe é ti rìnrìn àjò lọ sí Sáúdí. Mo jókòó, mo ní màá dúró. Nígbà tó yá, dókítà àgbà wọlé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó ní kí wọ́n gbé ìwé ńlá inú tíátà wá, a sì bá orúkọ mi níbẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi: ohun tó fà á, bí wọ́n ṣe gé e, bí wọ́n ṣe rán an, àti pé ojú ọgbẹ́ náà kò kẹ̀. Ìbú ni, nísàlẹ̀. Mo lọ fi ọ̀rá bo ìwé náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kò sí dókítà kan tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà tí kò kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ìwé yẹn.

Ìdí tí wọ́n fi là wá náà ṣe pàtàkì. Pé ọmọ kan fi ìdí síwájú kò sọ pé èyí tó tẹ̀lé e máa ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé tèmi ní ìrètí dáadáa. Ẹni tí wọ́n là nítorí pé ọ̀nà kò ṣí mọ́, tàbí ọmọ kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, ṣì lè gbìyànjú, àmọ́ ìrètí tirẹ̀ kéré díẹ̀ sí tèmi. Ẹni tó ti bí lójú ara rí ló ní ìrètí jù: nínú 100 irú wọn, bí 85 sí 90 ló ń bí fúnra wọn. Àlàfo tó wà láàárín ọmọ méjèèjì náà ṣe pàtàkì. Tí ọmọ kejì bá máa dé kí oṣù 18 tó pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àpá lè tètè já ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgè ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi nígbà tèmi, ìyẹn ò sì jẹ́ ìṣòro.

Ibi tí Màmá fẹ́ kí n lọ ni ilé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Apẹ̀tẹ̀. Mo lọ, mo sì lọ tọwọ̀tọwọ̀. Ìyá Àbíyè tó wà níbẹ̀ ló gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa. Ó máa ń dìde lóru. Kì í bèèrè owó kó tó ṣílẹ̀kùn. Tí obìnrin bá ń rọbí, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò dì mú títí, kò ní jókòó sídìí tẹlifóònù kó máa pariwo mọ́ ọn láti ọ̀nà jíjìn. Mo ti rí àwọn nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ kí wọ́n wá wo bó ṣe ń ṣe é. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ka Ẹ́kísódù orí kìíní fún mi, níbi tí wọ́n ti ní àwọn obìnrin Hébérù máa ń bí kí agbẹ̀bí tó dé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni tèmi yóò rí, ọ̀bẹ ò ní kàn mí mọ́. Mo ṣe àmín tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ìyá Àbíyè, tó bá wá yíwọ́ ńkọ́?" Ó ní kò ní yíwọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ká ní ó yíwọ́." Ó ní wọ́n á wá ọkọ̀, wọ́n á gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Jẹ́ríkọ̀ tàbí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹni tó bá mọ Apẹ̀tẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kí ọkọ̀ tó kọjá afárá, kó dé ẹnu ọ̀nà Pólì, kó já sí Sángo, kó tó wá ronú Mọ́kọ́lá, tó bá bọ́ sí àsìkò gò-sílóò, oorun lè gbé èèyàn lọ nínú rẹ̀. Tí ojú àpá bá já, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ikùn ìyá, ibi ọmọ lè ṣí kúrò, ọmọ fúnra rẹ̀ lè bọ́ kúrò nínú ilé ọmọ. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọpọlọ ọmọ lè fi dúró láìrí afẹ́fẹ́. Àdúrà tí a gbà kò ṣí afárá náà sílẹ̀ fún wa.

Ohun mìíràn tún wà tó ń bà mí lẹ́rù nípa irú ibẹ̀. Mi ò rí i lọ́wọ́ Ìyá Àbíyè tiwa o, àmọ́ mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é kiri: abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ìrọbí yá, oògùn misoprostol tí wọ́n ń pè ní Cytotec tí wọ́n á há sójú ara tàbí sábẹ́ ahọ́n, àti kí ẹnì kan gun orí bẹ́ẹ̀dì kó máa fi apá tẹ ikùn aláboyún láti òkè. Ilé ọmọ tó ní àpá kò gba ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ní ilé ìwòsàn ńlá gan-an, wọn kì í fi Cytotec mú ìrọbí obìnrin tí wọ́n ti là rí wá ní oṣù kẹsàn-án, abẹ́rẹ́ ìrọbí náà sì rèé, tí wọ́n bá máa lò ó rárá, díẹ̀díẹ̀ ni nínú dírípù, pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ ọ, torí ó ń mú kí ewu pé àpá lè já di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ bèèrè ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ gún yín. Ẹ bèèrè kí wọ́n tó gún un.

Mo mọ ohun tó ń lé àwọn obìnrin wa lọ síbẹ̀, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018, 39 péré nínú 100 ọmọ ni wọ́n bí sí ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé kò sì pé 3 nínú 100. Nǹkan tí ojú ò rí dáadáa ni ẹnu máa ń bà jẹ́. Nígbà tí mo bí Ìgè, àwọn kan wà tí wọ́n wọ ilé mi tí wọn ò kí mi kú ewu. Wọ́n kí ọkọ mi kú oríire, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n wò mí bí ẹni tí wọ́n gba ọmọ fún. Ọ̀kan sọ ọ́ síta pé èmi ò tíì mọ bí ìrora ọmọ ṣe ń rí. Ikùn mi ṣì wà nínú báńdéèjì nígbà yẹn, mi ò lè dìde láìjẹ́ pé ẹnì kan fà mí sókè. Obìnrin tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, ibikíbi tó bá ṣèlérí fún un pé ọ̀bẹ ò ní kàn án ni yóò sáré lọ. Ẹni tí wọ́n là ti bímọ. Ewu tó là kọjá pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, kí wọ́n kí i kú u rẹ̀.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí àwọn ilé ìwòsàn aládàáni tó wà nítòsí. Dókítà àkọ́kọ́ kò wo ìwé mi tán tó fi ní, "Ẹni tí wọ́n bá ti là lẹ́ẹ̀kan, lílà náà ni." Mo ti ka ìtàn ọ̀rọ̀ yẹn. Dókítà Edwin Cragin ló kọ ọ́ ní New York ní 1916, nígbà tó jẹ́ pé òkè ilé ọmọ ni wọ́n ń gé ní òòró, ìkìlọ̀ ló sì fi ṣe fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má yára mú ọ̀bẹ fún obìnrin nígbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí Munro Kerr ní Glasgow ti jẹ́ kí gígé ní ìbú nísàlẹ̀ gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Mo bi dókítà yìí bóyá nítorí pé kò sí dókítà tó ń sùn sílé ìwòsàn rẹ̀ lóru ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́. Dókítà tó bá ní "níbí yìí, mi ò lè ṣe é" ti ran èèyàn lọ́wọ́. Èyí tó bá ní kò ṣeé ṣe níbikíbi láyé ni kò ṣòótọ́ fún aláìsàn rẹ̀.

Èkejì yá mọ́ èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má fòyà, ẹ máa bí i bí ẹní yàgbẹ́." Ilé ìwòsàn rẹ̀ mọ́, ó ní tíátà, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò sì pariwo. Mo bi í nípa dókítà tó ń gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn kí ara má bàa gbọ́ ọ̀bẹ. Ó ní àwọn máa ń pè é lórí fóònù, pé Akóbọ̀ ló ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á rán ọkọ mi lọ rà á tí a bá nílò rẹ̀. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí àárọ̀ ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ló wà. Ilé ìwòsàn tó dára ni fún ẹni tí inú rẹ̀ kò tíì rí ọ̀bẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò padà.

Àwọn kan á ní, ṣebí òyìnbó ń bí sínú ilé wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó wà ní London bí bákan náà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó ní ohun tí àwọn dókítà ibẹ̀ gbà á nímọ̀ràn ni pé kó bí sí wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn tó ní tíátà àti ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọkàn ọmọ láìdáwọ́dúró, pé bí ìlànà wọn ṣe rí nìyẹn. Nítorí náà, tí ilẹ̀ tí ọkọ̀ pàjáwìrì ti ń yára dé bá sọ bẹ́ẹ̀, àwa tí à ń wá takisí kọ́ ló yẹ ká máa fi ilé ṣe é.

Ó wá ku àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Adéọ̀yọ́ ní Yemetu wà, ibẹ̀ ni wọ́n bí ọkọ mi fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ sì rọrùn. Mo yan UCH nítorí pé ó lé lórí ohun tí mo ń wá fún èmi nìkan: ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tuntun tí kò bá mí dáadáa wà nínú ọgbà kan náà. Tí ọmọ bá nílò rẹ̀, wọn ò ní gbé e sínú takisí.

Ẹni tó máa lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Èrò pọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ lèèyàn ń dé lọ́jọ́ aláboyún, dókítà tó rí ẹ lónìí lè má jẹ́ òun ló máa rí ẹ lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n dókítà àgbà tó jókòó tì mí, obìnrin ni, sọ̀rọ̀ bí mo ṣe fẹ́ kí ẹnì kan bá mi sọ ọ́. Ó ní, "Nínú 100 obìnrin bíi tiyín, bí 72 sí 75 ló ń bí fúnra wọn. Ìyókù á padà sí tíátà, a ò sì lè mọ̀ ṣáájú ẹ̀gbẹ́ tí ẹ máa wà." Kò fi pa mọ́ fún mi pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sáré ṣe lẹ́yìn ìrọbí gígùn le fún ara ju èyí tí wọ́n dá ọjọ́ rẹ̀ lọ. Ó tún sọ apá kejì: bí iṣẹ́ abẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i lára obìnrin ni ibi ọmọ ṣe lè lọ lẹ̀ mọ́ ojú àpá nínú oyún tó ń bọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣòroó dá dúró. Èmi àti ọkọ mi ṣì fẹ́ ọmọ kẹta. Ìyẹn wọ inú ìpinnu wa.

Ohun tí a jọ fẹnu kò sí rèé. Tí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀ tàbí omi bá dà, kí n wá lójú ẹsẹ̀, kí n má sinmi nílé títí yóò fi le. Wọ́n á fi ojú dírípù sí mi lọ́wọ́, wọ́n á ti ya ẹ̀jẹ̀ tó bá tèmi mu sọ́tọ̀. Wọ́n á máa gbọ́ ọkàn ọmọ láìdáwọ́dúró. Kò sí Cytotec. Tí oyún bá wọ ọ̀sẹ̀ 41 tí ìrọbí ò dé, a ó jókòó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Tí ọ̀nà bá kọ̀ tí kò ṣí sí i lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, wọn ò ní máa fà á lọ. Ọkọ mi lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì mú àbúrò rẹ̀ dání.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí jù nínú gbogbo rẹ̀ kì í ṣe ara mi. Ìyanṣẹ́lódì ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹjọ 2021, àwọn dókítà tó ń gba ìmọ̀ kún ìmọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba káàkiri Nàìjíríà dáṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò sì padà títí Oṣù Kẹwàá fi wọlé. Àwọn gan-an ló máa ń wà níbẹ̀ lóru. Mi ò bá wọn jà o, ohun tí wọ́n ń bèèrè tọ́ sí wọn. Àmọ́ ibi tí mo yàn torí pé ó ní dókítà ti di ibi tí dókítà ti ṣọ̀wọ́n. Mo lọ gba káàdì kejì ní ilé ìwòsàn Kátólíìkì ti Olúyọ̀rọ̀, ní Òkè Òfà, lẹ́yìn tí mo ti bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n ní tíátà, wọ́n ní dókítà, wọn kì í sì í bá ìjọba yanṣẹ́ lódì. Mo ń lọ sí méjèèjì pọ̀. Owó ni, wàhálà sì ni, ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n ti là rí tó bá fẹ́ bí sí ilé ìwòsàn ìjọba lórílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ ní ibì kejì tó ti mọ̀ ọ́n, tó ti ka ìwé rẹ̀, kó tó di ọjọ́ tí àwọn dókítà máa so iṣẹ́ kọ́.

Ìyanṣẹ́lódì parí kí oṣù mi tó pé. Bódìjà sún mọ́ UCH, nítorí náà ọ̀sán kò dùn mí, àárín òru ní Apẹ̀tẹ̀ ni mo ń rò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Yemetu. Ìgè tẹ̀lé mi.

Omi dà ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ. A dé ibẹ̀ kí ara mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí dáadáa. Mi ò ní sọ gbogbo bí ìrọbí ṣe lọ, ẹni tó ti ṣe é mọ̀ ọ́n. Ohun kan ni mo fẹ́ sọ. Lóru ọ̀gànjọ́, ohùn ọkàn ọmọ tí ẹ̀rọ ń gbé jáde, tó ti ń sáré bọ̀ gììgìì, lọ sílẹ̀. Gbogbo yàrá gbọ́ ọ. Dókítà tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, yí mi sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó fi ọwọ́ tẹ ojú àpá mi, ó bi mí bóyá ó ń dùn mí nígbà tí ìrọbí bá tú mi sílẹ̀. Mo ní rárá. Kò dúró de ìdáhùn mi tán tó fi sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó pe tíátà. Nọ́ọ̀sì pè. Ẹnì kan gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní àwọn wà nílẹ̀. Ọkàn ọmọ gbéra padà kó tó di pé wọ́n gbé mi, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tí wọ́n ń pe àdúrà ìrun àárọ̀ ní mọ́ṣáláṣí Yemetu, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ.

Ká ní wọ́n gbé mi lọ sí tíátà lóru yẹn, ibẹ̀ náà ṣì ni màá sọ pé kí ẹ lọ.

Fún ìyàwó àbúrò mi àti gbogbo ẹni tó jìnnà sí ìlú ńlá: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín jù, ẹ má kàn wo pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá dókítà ń sùn síbẹ̀. Ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ aláboyún kẹ́yìn lóru. Ẹ bèèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, ẹ ní kí wọ́n fi fíríìjì rẹ̀ hàn yín. Tí ìdáhùn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá ẹbí tó ń gbé nítòsí ibi tó ní i, kí ẹ kó lọ síbẹ̀ nígbà tó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹbí ò ní kọ̀. Ní ti owó, ní Oṣù Kọkànlá 2024, mínísítà ìlera, Muhammad Ali Pate, kéde pé àwọn obìnrin tí kò rí jájẹ á máa rí iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ìbímọ. Ẹ bi ilé ìwòsàn yín léèrè bóyá wọ́n wà nínú rẹ̀, àti ìwé tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín, nígbà tí ara yín ṣì le, kì í ṣe lọ́jọ́ ìrọbí.

Kí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú yín náà mọ àwọn àmì wọ̀nyí, torí ó lè jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ rí i: ìrora ojú àpá tí kì í lọ bí ìrọbí tilẹ̀ tú yín sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lójú ara, ìrọbí tó ń lọ geerege tó kàn dáwọ́ dúró lójijì, òòyì, ọmọ tí kò yí mọ́, ìrora tó gun orí èjìká. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn lẹ rí, ẹ kó sọ́kọ̀. Kí ìwé iṣẹ́ abẹ yẹn wà nínú báàgì, lókè gbogbo aṣọ ọmọ, níbi tí ọwọ́ á ti tètè tó o.